Ẹgbẹ́ ogun kẹsàn-án kò pòórá ní Scotland

Wọ́n tún ti ń pín in káàkiri pé ní ọdún 117, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Róòmù kan, Legio IX Hispana (ìyẹn ẹgbẹ́ ogun kẹsàn-án), bíi ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, wọ ilẹ̀ Scotland lọ jagun, kò sì sẹ́ni tó padà wá ròyìn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn òpìtàn àtijọ́ kan rò ó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n The Eagle of the Ninth, ìwé tí Rosemary Sutcliff kọ ní 1954, ló gbé e dé ẹnu gbogbo ayé. Ìwé náà dùn, n kò jiyàn. Àròsọ ni ṣá.

Òkúta tí wọ́n fín ní York, ní àríwá England, fi hàn pé wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ní 108. Wọ́n sì hú bíríkì tó ní òǹtẹ̀ wọn ní Nijmegen, ní Nẹ́dálándì, òkè òkun pátápátá. Lucius Aemilius Karus, tó sìn nínú ẹgbẹ́ yìí nígbà èwe rẹ̀, di gómìnà Arébíà, agbègbè kan lábẹ́ Róòmù, ní nǹkan bíi 142. Bí a bá ka ọjọ́ orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ṣòro kó ti wà níbẹ̀ ṣáájú 117. Àbí ta ní ń sìn nínú ẹgbẹ́ tó ti pòórá?

Fọ́tò ẹyẹ idì idẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Silchester, ní gúúsù England, ni wọ́n ti hú u ní 1866. Kì í tilẹ̀ ṣe idì ọmọ ogun, ìyẹn àmì tí ẹgbẹ́ ogun Róòmù máa ń gbé. Ó jọ pé ara ère ló ti ya.

Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n to orúkọ àwọn ẹgbẹ́ ogun sára òpó kan ní Róòmù láyé Marcus Aurelius, olú-ọba Róòmù, kò sí tiwọn níbẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ kan ní ogun Jùdíà, 132 sí 135, ló pa wọ́n run. Àwọn mìíràn ní Àméníà ni, ní 161.