"Bóyá Bàbá Màmá Wa Ni"

Láti Sátidé ni inú ti ń bí mi. Ìyá aládùúgbò wa ní Stockton níbí, ní ìpínlẹ̀ California, ló papòdà. Filipino ni, ìyẹn ọmọ ilẹ̀ Philippines, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá palẹ̀ ilé mọ́, mo sì yà láti bá wọn gbé ẹrù. Àfi bí mo ṣe rí páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, fọ́tò ló kún inú rẹ̀. Mo mú ọ̀kan. Ọkùnrin kan wọ kóòtù tí wọ́n lọ̀ títí tó ń gún bí ọ̀bẹ, ó fi pòmáàdì pa irun mọ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti mọ́tò. Mo bi àkọ́bí ìyá náà pé ta nìyí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bóyá bàbá màmá wa ni."

Bóyá! Bàbá tó bí ìyá rẹ lo ń fi bóyá pè.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò ṣojú ẹ̀ ṣì lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá ìtàn, tí kò sì béèrè àrọ́bá, kí la fẹ́ pe tirẹ̀?

Ká ní ó béèrè ni, ì bá ti gbọ́ pé manong ni wọ́n ń pe irú bàbá yẹn. Èdè Ilocano, ọ̀kan nínú èdè ilẹ̀ Philippines, ni, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ló túmọ̀ sí. Ẹ ò rí i bó ṣe bá tiwa mu? Ẹni tí o kò mọ̀ rí, tó bá ti jù ọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Láàrin 1920 sí 1930 ni ọ̀pọ̀ wọn dé Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Asparagus ni wọ́n ń gé lẹ́yìn Stockton yìí, ewébẹ̀ tó ń yọ nílẹ̀ ṣónṣó bí ọmọ ọparun. Èèyàn kò lè dúró lóòró gé e. Láti ìdájí ni ẹ̀yìn ti tẹ̀, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ sì ní eruku tó ń yúnni bíi wèrèpè. Bí ìyẹn bá parí, wọ́n á gba Delano, ìlú mìíràn ní California, lọ ká èso àjàrà. Àwọn mìíràn á forí lé Alaska, níbi tí wọ́n ti ń di ẹja sínú agolo.

Ẹ má bi mí pé aya wọn ńkọ́. Obìnrin tó bá wọn wá kò tó nǹkan. Ní oṣù kìíní 1930, nítorí pé wọ́n ń bá ọmọge aláwọ̀ funfun jó, jàǹdùkú fi ọjọ́ bíi mélòó kan lé wọn kiri ní ìlú Watsonville ní California, wọ́n sì yìnbọn pa Fermin Tobera, ọmọ ọdún 22. Ní 1933, òfin California kà á léèwọ̀ pé kí Filipino fẹ́ aláwọ̀ funfun, ó sì di 1948 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà tó wọ́gi lé e. Ẹni tó dé ní ọmọ ogún ọdún ti di bàbá onírun funfun. Ọ̀pọ̀ kú láìlọ́mọ. Ìdí nìyí tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bá bí láàrin wọn fi máa ń ní bàbá ìsàmì rẹpẹtẹ: gbogbo ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ ní ìpín nínú ọmọ.

Kóòtù inú fọ́tò yẹn ńkọ́? Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á fẹ̀yìn ti mọ́tò, nígbà mìíràn mọ́tò onímọ́tò, wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Ará ilé á ní ẹ̀gbọ́n ń jayé. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ wèrèpè sínú lẹ́tà. (Ẹ̀yin ará Peckham àti Houston tí ẹ ń ya fọ́tò níwájú mọ́tò ọ̀gá yín, ẹ má bínú sí mi.)

Nítorí náà kì í ṣe ọmọ nìkan ló jẹ̀bi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ bi ọmọ ilé ìwé léèrè níhìn-ín pé ta ló dá ìyanṣẹ́lódì àwọn tó ń ká àjàrà ní Delano sílẹ̀, Cesar Chavez, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko, ni yóò wí. Bẹ́ẹ̀, ní 8 September 1965, àwọn manong ló kọ́kọ́ jáde lóko, Larry Itliong tí ìka mẹ́ta ti gé lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣáájú. Ó di 16 September kí ẹgbẹ́ Chavez tó dìbò láti dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì jọ jà á títí di 1970. N kò bá Chavez jà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n Itliong kú ní 1977, ó sì di 2015 kí California tó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un. Little Manila, àdúgbò tí wọ́n ń gbé níhìn-ín nígbà náà pàápàá, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, títì márosẹ̀ gba orí ẹ̀ kọjá. Ilé ti lọ. Ẹnu ló kù.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ìyà jẹ yín, ta ló bẹ̀ yín? Ìyà tí ẹ jẹ ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Ẹ̀yin ọmọ náà, fóònù tí ẹ fi ń ya àwo oúnjẹ, kò lè gba ohùn màmá yín sílẹ̀? Ìgbà tí wọ́n bá gbé òkú kúrò nílẹ̀ tán ni ẹ máa ń rántí pé ẹ kò mọ orúkọ ìlú bàbá yín. Ẹ tijú!

Mo yí fọ́tò náà padà. Ìlà mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, yíǹkì ti ń ṣá, Ilocano ni. Mo nà án sí àkọ́bí náà, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní bí mo bá fẹ́, kí n máa gbé páálí lọ. Mo gbé e. Abẹ́ tábìlì mi ló wà báyìí. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá wá gbà á, lẹ́nu ọ̀nà ni yóò ti kọ́kọ́ dárúkọ bàbá àgbà rẹ̀ fún mi.