Hambọ́gà kì í ṣe ẹran ẹlẹ́dẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́

Ẹnì kan ṣe ọjọ́ìbí ní ọ́fíìsì wa, ó ra bọ́gà fún gbogbo wa, páálí ńlá méjì, kálukú ti nawọ́ sí i, àfi Alhaja tó wà ní àkáǹtì, wọ́n ní àwọn ò jẹ. Mo rò pé ààwẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá, ṣé mi ò rí ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni, "ham" ló ṣáájú, itan ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní ham, àwọn ò lè jẹ haráámù torí ọjọ́ìbí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, méjì nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn rọra gbé tiwọn padà sílẹ̀.

Èmi náà Mùsùlùmí ni o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀sìn ni mò ń bá jà. Láti ilé kéú ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì jẹ hambọ́gà títí mo fi wọ yunifásítì, chicken burger ni mo máa ń rà, mo rò pé ìyẹn ni ti àwa Mùsùlùmí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sá fún ẹran màlúù lásán!

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ yẹn wò. Hamburg ni ìlú kan ní Jámánì, lórí odò Elbe, èbúté ọkọ̀ ńlá ni, ẹ kàn máa rò ó bíi Àpápá tiwọn. Nínú èdè Jámánì, tí nǹkan tàbí èèyàn bá ti ìlú kan wá, wọ́n á fi "er" há ìdí orúkọ ìlú náà. Ará Berlin, Berliner. Sọ́séèjì Frankfurt, frankfurter. Ti Hamburg náà ló di Hamburger. Ibi tó yẹ kéèyàn ti gé e ni ẹ̀yìn "Hamburg", ṣùgbọ́n àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ló gé e sí ẹ̀yìn "ham", wọ́n mú "burger" tó kù, wọ́n ń fi ṣe cheeseburger àti chicken burger kiri, a sì gbà á lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣebí a ní ìrẹsì Ọ̀fadà. Ọ̀fadà, ìlú ni, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, mi ò tíì rí ẹni tó ń tú ìrẹsì inú ewé kó lè mọ̀ bóyá ọfà wà níbẹ̀.

Bí orúkọ náà ṣe dé Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn ará Jámánì ló ń wọkọ̀ ojú omi láti Hamburg lọ sí New York láàárín ọdún 1800 sí 1900, ni àwọn ilé oúnjẹ níbẹ̀ bá ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní "Hamburg steak", ẹran màlúù tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì yan. Ẹni tó kọ́kọ́ fi í sí àárín búrẹ́dì, ìjà nìyẹn, ìlú bíi mẹ́rin ló ń jà sí i. Ilé oúnjẹ Louis' Lunch tó wà ní ìlú New Haven sọ pé 1900 ni àwọn bẹ̀rẹ̀ tàwọn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn ẹbí Menches ní Ohio, wọ́n ní àwọn ará ilé àwọn méjì, Frank àti Charles, ń tajà níbi ìpàtẹ kan ní 1885, ní ìlú kan ní New York tóun náà ń jẹ́ Hamburg, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ tán mọ́ wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá fi màlúù dípò. Ẹ ò rí nǹkan! Ká tiẹ̀ gba ìtàn tiwọn gbọ́, ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ tán ni hambọ́gà bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tí Amẹ́ríkà ń bá Jámánì jà, àwọn kan níbẹ̀ ní àwọn ò pe hambọ́gà mọ́, "liberty steak" ni wọ́n ń pè é, torí wọ́n mọ̀ pé orúkọ ìlú ọ̀tá ló wà lẹ́nu àwọn. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni "ham" yẹn ń tọ́ka sí, kí ló kan ogun? Títí dòní, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé ẹran tí wọ́n bá kọ "hamburger" sí, màlúù ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ọ̀rá inú ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ.

Alhaja ní ó dáa, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, ti Èkó ńkọ́? Ìbéèrè gidi. Ni mo bá fi Sátidé mẹ́ta jẹ bọ́gà kiri, ibi márùn-ún, ìbéèrè kan náà ní kántà: ẹran wo ló wà nínú ẹ̀?

Ti Súrùlérè, màlúù. Òun ló sì dùn jù, búrẹ́dì ẹ̀ rọ̀, wọ́n fi bọ́tà yan inú ẹ̀ díẹ̀, ẹran ẹ̀ ò há èèyàn lọ́fun. Ti Yábàá, adìẹ tí wọ́n yí ní fúláwà tí wọ́n dín, kò tiẹ̀ sí ẹran lílọ̀ ńbẹ̀ rárá, bọ́gà lórúkọ ni. Ní Ìkẹjà, ọmọ tó wà nídìí iná ṣí fíríìjì fún mi, ó ní kí n wá fojú ara mi rí i. Ẹran lílọ̀ pupa nínú abọ́ ike, ó ní ọwọ́ alápatà làwọn ti ń rà á láràárọ̀, àwọn á po ó mọ́ àlùbọ́sà, ata gígún, Maggi, ẹyin kan, àti búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n rún sí i kó lè dì. Ó bu ìṣù kan, ó jù ú sórí irin gbígbóná, ó fi ṣíbí pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀rá ta sí mi lápá, òórùn tó jáde, ìdí sùyá lálẹ́ ni ó rán mi létí. Ti Lẹ́kí ní bacon lórí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ni bacon sábà máa ń jẹ́, mo ti fẹ́ dìde, ni wọ́n ní bacon màlúù ni, ó sì wà lára méńù bẹ́ẹ̀.

Victoria Island ló kù. ₦14,000! Orí pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbé e fún mi, ewé pọ̀ ju ẹran lọ, búrẹ́dì ń rún dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹran bọ́gà fúnra ẹ̀, màlúù ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òmíràn tó ní bacon ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, mo wá bi wọ́n bóyá irin kan náà ni wọ́n ń dín méjèèjì lé, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Torí náà tí Alhaja bá ní àwọn ò jẹ ti ibẹ̀ yẹn, mo gbà fún wọn, torí irin ni o, kì í ṣe torí orúkọ. Bóyá wọ́n dárúkọ Ọlọ́hun sí màlúù náà nígbà tí wọ́n ń pa á, ìyẹn náà yẹ ní bíbéèrè, àmọ́ ó kan ẹran inú ọbẹ̀ bùkátéríà náà.

Mi ò ní kí ẹ máa gbọ́kàn lé páálí ṣá o. Ní 2013, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Ireland kéde pé àwọn yẹ bọ́gà màlúù oríṣi 27 wò, àwọn bá DNA ẹṣin nínú 10, ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú 23, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ṣín-ún ni ọ̀pọ̀ ẹ̀. Màgòmágó ló wà níbẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè ka ìyẹn lára orúkọ.

Ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àwa kan náà tí à ń sá fún hambọ́gà yìí la máa ń dúró sídìí ṣàwámà lálẹ́, tí a máa ní "ẹ fi double sọ́séèjì sí i, kí bámà pọ̀ dáadáa," tí a ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó wà nínú sọ́séèjì yẹn. Sọ́séèjì adìẹ wà, ti màlúù wà, ti ẹlẹ́dẹ̀ náà kún ọjà, tí wọ́n bá sì ti bó o kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, ojú lásán ò lè dá a mọ̀.

Mo sọ èyí fún Alhaja ní Mọ́ńdè. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fa fóònù yọ, wọ́n pe ọmọ tó ń ta ṣàwámà ní jáńṣọ̀nù àdúgbò wọn, wọ́n ní kó ka ohun tó wà lára ọ̀rá sọ́séèjì ẹ̀ fún àwọn. Ọmọ náà ní òun ti da ọ̀rá nù.