Wọ́n Gbé Búrẹ́dì Faransé Dé Òṣogbo, Wọ́n Gbàgbé Ìjókòó

Kí ẹ tó ní owó ń yọ mí lẹ́nu, màámi ló ní kí n gbé àwọn lọ. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé búrẹ́dì Faransé kan ti ṣí lọ́nà Gbọ̀ngán, pé inú éèsì lèèyàn ti ń jókòó jẹ búrẹ́dì bí ẹni tó wà ní báǹkì. Màámi sì ta búrẹ́dì rí. Kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù o, wọ́n kiri ni. Orí ni wọ́n fi ń rù ú ní ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣogbo, láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, tí àwọn èrò á máa na owó láti ojú fèrèsé, tí ọkọ̀ á sì máa gbéra kí wọ́n tó gba ṣéńjì. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá gbọ́ pé búrẹ́dì tó kéré ju ọwọ́ lọ ń lọ ní ₦3,500, ṣé ẹ rò pé oorun máa kùn wọ́n?

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà fi òyìnbó kí wa. Màámi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi." Ó tún fi òyìnbó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ mu. Nínú Òṣogbo níbí! Mo bi í léèrè bóyá kò gbọ́ Yorùbá ni, ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sà, òyìnbó ni wọ́n ní ká máa sọ fún kọ́sítọ́mà." Mi ò bá a jà, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé tí wọ́n ń fara wé yìí ńkọ́? Èdè tiwọn ni wọ́n fi ń ta búrẹ́dì tiwọn. Tó o bá wọlé tọ̀ wọ́n tí o ò kí wọn, ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́, o ò ní fẹ́ rà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa búrẹ́dì ọ̀hún: ó dùn. Croissant la kọ́kọ́ jẹ, ìyẹn èyí tó tẹ̀ bí òṣùpá tuntun. Màámi fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó dún fẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé gbígbẹ, ó sì rún sórí ìró wọn. Wọ́n yà á sí méjì, wọ́n gbé e sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n yọjú wo inú ẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹyin tó bàjẹ́. Wọ́n ní, "Gbogbo owó yìí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n dì síbẹ̀?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gbé èrò wá sí mi lọ́kàn, nítorí ohun tí wọ́n sọ yẹn gan-an niṣẹ́ ibẹ̀. Búrẹ́dì Agége tiwa, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọ ìyẹ̀fun pípò rẹ̀ ní àlọtúnlọ títí á fi fún, tí á fi ki, tó bá délẹ̀ tán á máa fà bíi rọ́bà. Croissant ò fẹ́ ìyẹn. Wọ́n á tẹ́ bọ́tà sáàárín ìyẹ̀fun pípò, wọ́n á ká a sí mẹ́ta, wọ́n á tún tẹ́ ẹ, wọ́n á tún ká a sí mẹ́ta, títí kíká náà á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìpele bọ́tà 27 nínú ohun tí ọmọdé lè fi ẹnu kan gbé mì. Inú iná ni omi tó wà nínú bọ́tà yẹn ti ń di ooru, òun ló ń ti àwọn ìpele náà sókè, tí ihò fi ń wà. Bọ́tà wàrà màlúù ni mo ń wí o, kì í ṣe èyí tá à ń pè ní bọ́tà nílé, tó jẹ́ òróró ni wọ́n fi ṣe é. Bọ́tà màlúù á sì yọ́ tí ooru bá ti tó 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó bá mọ oòrùn Òṣogbo lóṣù kẹta mọ̀ pé kò ní dúró dè yín. Ọkùnrin tó ń ṣe é sọ fún mi pé aago méjì òru lòun ń bẹ̀rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ò sì gbọdọ̀ kú. Nítorí náà mi ò bá ₦3,500 jà mọ́. Owó dísẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀.

Àwọn kan sọ pé kí ló kàn wá kan oúnjẹ Faransé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Croissant gan-an, àwọn Faransé ò dá a ṣe. Ọmọ Austria kan, August Zang, ló ṣí ilé búrẹ́dì irú ti Vienna sí Paris ní nǹkan bí ọdún 1838, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i kọ́. Búrẹ́dì tí à ń pè ní tiwa ńkọ́? Ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣe akọ̀wé rélùwéè ní Nàìjíríà lọ́dún 1913, ló sọ ọ́ di òwò ńlá l'Ékòó ní nǹkan bí ọdún 1921. Màámi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ìdí rélùwéè kan náà làwọn méjèèjì ti jẹun.

Ibi tó ń dùn mí nìyí o. Lọ́dún tí mo bá ọ̀gá mi lọ ra ọkọ̀ ní Kútọnu, mo rí búrẹ́dì Faransé gígùn yẹn nínú agbọ̀n obìnrin tó ń kiri. Ó là á, ó fi ẹyin sí i, ó fi bébà wé e, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kétu, ọmọ ìyá wa, ohun tí wọ́n ń jẹ lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Tó bá wá di ₦4,000 lọ́nà Gbọ̀ngán, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń rà. Àga ni. Ní Paris, kọfí tó o bá mu lórí ìdúró nídìí káńtà máa ń dínwó sí èyí tó o jókòó mu. Wọn ò fi bò. Ṣùgbọ́n tó o bá ti san owó àga, tìẹ ni. Èèyàn lè fi ife kọfí kan ka ìwé ìròyìn tán, kó tún bá ọ̀rẹ́ jiyàn, kò sẹ́ni tó máa lé e.

Tiwa ńkọ́? Kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a jẹun tán tí wọ́n wá nu tábìlì. Wọ́n kó àwo. Wọ́n tún wá nu ún. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, màámi gbé ọwọ́ wọn sókè kí aṣọ ìnutábìlì lè kọjá, bí ẹní wà níwájú dókítà. Bẹ́ẹ̀ àga mẹ́fà ṣófo níbẹ̀! Èmi tí mo ti jókòó ti kèrègbè ẹmu kan láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ẹlẹ́mu tún ń bá mi sọ̀rọ̀ ìjọba, èmi ni wọ́n wá ń fi aṣọ ìnutábìlì lé jáde lẹ́yìn tí mo san ₦14,600.

A dìde. Màámi fi tíṣù di èyí tó kù, wọ́n tì í sínú báàgì. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Lánàá, wọ́n pè mí.

"Ọjọ́ wo la tún ń lọ?"

Mo ní, "Màámi, ẹ ò ní afẹ́fẹ́ ni?"

"Afẹ́fẹ́ ni. Àmọ́ àga yẹn gba ìdí. Èmi àti Ìyá Ìbejì la jọ máa lọ, a ó gbé òwú tí à ń hun dání. Kí wọ́n máa nu tábìlì wọn lọ."