Èsì wa sí àròyé yín lórí fáàfù oníbọ́ọ̀lù àti táǹkì tí omi rẹ̀ ṣì ń kún jáde

Oníbàárà wa, ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kọ gbogbo ohun tí ojú yín rí. Ẹ sọ pé ẹ ti fi fáàfù oníbọ́ọ̀lù tí ẹ rà lọ́wọ́ wa (èyí tí bọ́ọ̀lù tí ó léfòó máa ń tì pa bí omi bá ti kún) rọ́pò ògbólógbòó inú táǹkì omi tútù yín tí ó wà ní àjà ilé, síbẹ̀ tí ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ ó bá omi tí ó ń kán lẹ́nu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀, èyí tí omi àpọ̀jù máa ń gbà jáde kúrò nínú táǹkì. Bí ó bá di ọ̀sán, kíkán náà á dáwọ́ dúró. Ẹ fún ọjà náà ní ìràwọ̀ kan, a kò sì ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn.

Àkókò tí omi náà ń kán ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa. Ní òru, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sùn tí wọn kò lo omi mọ́, agbára tí omi fi ń wá nínú páìpù máa ń ga ju ti ọ̀sán lọ. Fáàfù tí ẹnu rẹ̀, ìyẹn ihò tí omi ń gbà wọlé, fẹ̀, tí wọ́n ṣe fún omi tí kò lágbára, lè dí dáadáa lọ́sàn-án kí ó má sì dí tán lóru, nítorí pé omi ń ti rọ́bà tí ó bo ẹnu náà sẹ́yìn ju bí bọ́ọ̀lù ṣe lè tì í padà lọ. Ẹnu méjì ni a fi sínú páálí, ṣùgbọ́n èyí tí ó fẹ̀ ni a ti dè mọ́ fáàfù náà, a kò sì kọ ọ́ síbì kankan pé kí ẹ fi kékeré rọ́pò rẹ̀ bí omi yín bá lágbára. Ẹ̀bi wa nìyẹn.

Síbẹ̀, kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dán nǹkan kan wò. Ẹ lo omi díẹ̀ kí ojú omi lè wálẹ̀ dáadáa, ẹ ti kọ́ọ̀kì tí ó wà lórí páìpù tí ń gbé omi wá sínú táǹkì, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri táǹkì, kí ẹnikẹ́ni má sì lo omi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí omi bá ti ga ju àmì náà lọ láàárọ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu fáàfù ni ó ń gbà wọlé, bí ẹ tilẹ̀ pààrọ̀ fáàfù nígbà mẹ́wàá. Níbi tí táǹkì yìí bá ti ń fún táǹkì omi gbígbóná lómi, táàpù tí ó ń po omi tútù àti gbígbóná pọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí: omi tútù tí ó wá tààrà láti páìpù ìta lágbára ju gbígbóná lọ, ó sì lè gba inú táàpù náà kọjá sínú páìpù gbígbóná, kí ó gba ibẹ̀ gòkè padà sínú táǹkì. Bí omi tí ń kán bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ yẹ ohun tí ń gbé omi kaná wò.

Bí omi kò bá kúrò lójú àmì, ọ̀rọ̀ di ti fáàfù. Ẹ tú u, ẹ wo ẹnu rẹ̀, nítorí pé ìpẹtà àti iyanrìn máa ń já wá nígbà tí a bá ṣí páìpù àtijọ́, hóró kan ṣoṣo sì tó láti má jẹ́ kí rọ́bà náà dí. Ẹ fi ẹnu kékeré sí i. Ẹ mi bọ́ọ̀lù náà sétí; bí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu. Ìdè orí apá rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tí ó so bọ́ọ̀lù mọ́ fáàfù, ni kí ẹ fi sọ omi kalẹ̀, kí ó dúró ní nǹkan bí mìlímítà 25 sísàlẹ̀ ẹnu páìpù àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ apá náà: apá idẹ àtijọ́ ni àwọn pulọ́ńbà máa ń tẹ̀, ike ni tiwa, yóò kán.

Ẹ tún kọ ọ́ pé ẹnìkan gbà yín nímọ̀ràn láti fi àkísà dí páìpù àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é rárá. Páìpù yẹn ni ó ń gba àjà ilé yín sílẹ̀. Bí ẹ bá dí i, etí táǹkì ni omi yóò gbà dà.

Bí ẹnu kékeré náà kò bá sí nínú páálí yín mọ́, a ó fi òmíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá sì ti ṣe gbogbo èyí tí omi ṣì ń kán, ẹ dá fáàfù náà padà, ẹ ó gba owó yín pé pérépéré.