Bí Ògiri Kò Bá Lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Abuja, mo rò pé àwọn ará Maitama àti Asokoro ni òwe yìí ń bá wí. Ògiri wọn ga ju onílé lọ, wáyà wà lórí rẹ̀, mẹ́gáàdì sì jókòó sẹ́nu géètì. Ní tèmi, Mararaba ni mo ń gbé, tí í ṣe ti ìpínlẹ̀ Nasarawa ní tòótọ́, àmọ́ tí gbogbo wa níbẹ̀ ń pe ara wa ní ará Abuja. Ìlẹ̀kùn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, àgádágodo kan. Kí ni olè fẹ́ wá jí níbi tí a ti ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa?

Ó wá ohun tó máa jí, ó sì rí i. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Yàrá mẹ́jọ ló dojú kọra nínú ọgbà wa, kò sì sí ẹnì kan nílé. Nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya, aago márùn-ún ìdájí ni oníṣẹ́ ti ń jáde. Nígbà tí mo dé lálẹ́, àgádágodo mi ṣì wà ní títì, ó ń fì dirodiro lára férémù. Irin tí a fi kọ́ ọ ni olè hú. Ìṣó mẹ́rin tó dì í mú wà nílẹ̀, èyí tó gùn jù kò tó ìdajì ìka mi. Ó gbé sílíńdà gáàsì, ó gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré, ó sì da gàrí mi sórí bẹ́ẹ̀dì kí ó lè rí àpò kó ẹrù sí. Kí n má purọ́, gàrí yẹn dùn mí ju gáàsì lọ.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Gúúsù ka òru sí láti aago 6:30 ìrọ̀lẹ́ títí di 6:30 òwúrọ̀. Ẹni tó bá fọ́lé lọ́sàn-án lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Tó bá jẹ́ òru ni, ẹ̀wọ̀n gbére lè jẹ́ tirẹ̀. Ó yé mi ìdí tí àwọn tó kọ ọ́ fi bẹ̀rù òru. Ṣùgbọ́n ní ọgbà tiwa, ooru kì í jẹ́ ká sùn bọ̀rọ̀. Ẹni kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, ọmọ kan ń ké, rédíò kan ń sọ̀rọ̀. Olè wo ló máa gba àárín wa kọjá? Ọ̀sán ni òru wa.

Ti olówó yàtọ̀. Ògiri gíga yẹn ń dá olè dúró níta lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti wọlé tán, ògiri yẹn náà ló máa bò ó láṣìírí. Aládùúgbò kò ní rí i, kò tilẹ̀ mọ orúkọ onílé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo olè ló ń fo ògiri. Ẹni tó wá tún iná ṣe ti mọ yàrá tí bátìrì ínfátà wà, ẹni tó wá kun ilé mọ fèrèsé tí kì í padé dáadáa. Mi ò sọ pé gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ lolè o. Àmọ́ ọ̀gá tó jẹ mẹ́gáàdì lówó oṣù mẹ́ta, tó sì ń sùn fọnfọn, iná orí òrùlé ló fi sílẹ̀ tó lọ sùn.

Wọ́n a ní ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Láti dẹ́rù ba olè la fi ń pa òwe yìí, àmọ́ apá àkọ́kọ́ ló ń kọ mí lóminú: olè máa ń padà wá, ó ti mọ ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé o máa ra òmíràn. Ní Kirkholt, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí i ní nǹkan bí ọdún 1986 pé ilé tí olè ti jà lẹ́ẹ̀kan ló tún máa ń jà. Mítà tí wọ́n ń ki owó ẹyọ bọ̀ kí iná tàbí gáàsì tó lè wá ló ń fà á mọ́ra. Àpótí owó ní ilé tálákà. Wọ́n yọ mítà wọ̀nyẹn, wọ́n sì ní kí ilé bíi mẹ́fà tó yí èyí tí olè jà ká máa bá wọn ṣọ́ ọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, olè jíjà níbẹ̀ fi ìdá 75 nínú 100 dín kù.

Àwa náà kò gbé ògiri ga, owó dà? Mo ní kí wẹ́dà fi bóòtù gígùn gba inú férémù kọjá sí ẹ̀yìn, kó tó de irin àgádágodo mọ́ ọn. Ẹ lọ wo tiyín lónìí. Tí ẹ bá lè fi ìka mi ìṣó rẹ̀, olè ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la bẹ Màmá alákàrà tó ń dáná lójú títì pé kí wọ́n gbé ààrò wọn wá sẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Yàrá kọ̀ọ̀kan ń dá owó díẹ̀ fún wọn lóṣooṣù. Tí àjèjì bá yọjú, Màmá á bi í pé ta ló ń wá, wọ́n á sì bù ú ní àkàrà kan kó lè dúró dáhùn.

Nígbà Iléyá tó kọjá, Bàbá Ìbejì kó ìyàwó àtọmọ, wọ́n ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kí wọ́n tó kúrò ní Lọ́kọ́ja, àwòrán gbogbo wọn lẹ́bàá odò Ọya ti wà lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ Màmá fi han ìyá rẹ̀. Màmá gbé ṣíbí àkàrà sílẹ̀, wọ́n pe Bàbá Ìbejì:

"Ẹ kú ìrìn o. Ta lẹ̀ ń júwe ilé fún?"

Kí àkàrà tó wà lórí iná tó pọ́n, ó ti pa á rẹ́.