Èsì wa fún Màmá tó ra omi ìnulẹ̀ lọ́wọ́ wa ní Sábó, Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, Màmá wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó fèsì. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 dùn mí, àmọ́ ìdí tí ẹ fi fún wa bẹ́ẹ̀ ló dùn mí jù. Ẹ ní omi ìnulẹ̀ wa kò hó rárá. Pé lóòótọ́ ó ṣí àmì pupa ara ògiri balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà pálọ̀ yín tó jẹ́ tẹ̀ràsò kò dán mọ́, ó funfun bí ibi tí eérú dà sí.

Ti tẹ̀ràsò yẹn, àwa la jẹ̀bi. Fínígà tí a rẹ èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí ló wà nínú ìgò yẹn. Òkúta mábù wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n sì fi ń ṣe tẹ̀ràsò, ohun kíkan a máa jẹ méjèèjì. Lálẹ́ àná mo kán díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ilé tèmi kí n lè fojú ara mi rí i. Kò pẹ́ tó fi ń yọ ìfófò wẹ́wẹ́ lójú òkúta. Mo nù ún, àmì róbótó bí ìdérí ìgò ló kù síbẹ̀, kò sì lọ títí di àárọ̀ yìí. Ibì kan ṣoṣo tí ọjà wa ti hó nìyẹn, ibi tí kò yẹ kó ti hó sì ni. Àwa la kọ "gbogbo ilẹ̀" sára ìgò. A ti yọ ọ́ kúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni pé táìlì àti balùwẹ̀ nìkan, kì í ṣe tẹ̀ràsò, kì í ṣe mábù.

Ti pé kò hó ní balùwẹ̀, ẹ má bínú, mi ò ní bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Ọṣẹ ló ń hó, kò sì sí ọṣẹ níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, mo po ọṣẹ dúdú mọ́ fínígà. Ó dì lójú mi bí wàrà tó bàjẹ́, ọ̀rá ń léfòó lókè. Odindi garawa ni mo dà nù (owó ọṣẹ ọjọ́ yẹn ṣì ń ká mi lára). Àmì pupa tí ẹ rí, irin inú omi kànga ẹ̀rọ ló ń fà á. Ohun kíkan ló ń tú u, kì í ṣe ìfófò.

Ẹ tún ní ṣebí a sọ pé kò ní kẹ́míkà. Ti ìṣẹ̀dá la kọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ti ìṣẹ̀dá ni, ẹni tó bá sì mu mẹ́ta léra, eyín á kan án.

Ohun tó já mi láyà ni gbólóhùn tí ẹ fi parí rẹ̀: pé nígbà tí kò hó, ẹ da ìdérí bílíìṣì méjì sí i kó lè múná, òórùn rẹ̀ gbá yín nímú, ojú yín ń ṣomi, ẹ sá jáde. Màmá, ọpẹ́ ni pé ẹ sá jáde. Bí bílíìṣì àti fínígà bá pàdé, gáàsì chlorine ni wọ́n ń tú síta. Òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ọ̀tá wọn ní Ypres, ìlú kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní lọ́dún 1915. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí, kó má dúró fọ̀ ọ́ o, kó jáde síbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ẹ̀yin náà, bí ikọ́ bá ṣì ń ṣe yín tàbí àyà ń fún yín, ẹ lọ rí dókítà lónìí.

A ti dá 2,500 náírà yín padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi san án. Nínù lásán kò lè mú tẹ̀ràsò yẹn padà, nítorí náà ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ máa wá bá yín ní Ìgbógbó ní Sátidé, àwa la máa sanwó rẹ̀. Kó tó dé, ẹ fi ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ fi nu pálọ̀, kí ẹ fi omi lásán tẹ̀lé e. Èyí tó kù nínú ìgò, tí bílíìṣì ò tíì kàn, ẹ máa lò ó ní balùwẹ̀.