Wèrè tó ti wọ ọjà ṣì ń gbóògùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí àgbàlagbà ní Kétu wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: wèrè tó bá ti wọ ọjà kò gbóògùn mọ́. Nígbà tí ọmọ àbúrò bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tó ń kúrò nílé láìdágbére, tó fi di pé inú ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) la ti wá ń gbúròó rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí náà ni àwọn ẹbí fi yọwọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, má da owó ẹ nù. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti tẹ ọjà." Ìyá kan tó ń ta àkàsà nìkan ló ń rántí rẹ̀ níbẹ̀. Àràárọ̀ ló ń gbé ẹyọ méjì sórí ògiri kúkúrú kan, á wá kọjú síbòmíràn kó lè rọrùn fún un láti wá mú un.

Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, irọ́ tó sì ń pa èèyàn ni.

Mo mọ ibi tí àwọn baba wa ti rí i. Wọ́n rí i lóòótọ́ pé àwọn tó dé ọjà kì í sábà padà wálé. Àmọ́ ẹ bi ara yín léèrè: ta ló ń fún ẹni tó ń sùn sábẹ́ àtẹ lóògùn? Ta ló ń wẹ̀ ẹ́, ta ló ń ṣọ́ ọ kó lè sùn? Kí ó tó dé ọjà, owó ti tán lọ́wọ́ ẹbí lọ́dọ̀ oníṣègùn àti ní ilé àdúrà. Wọ́n ní kò ní san, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, kò san. Wọ́n wá ní, "Ṣé ẹ rí i?"

Ẹni tó kọ́kọ́ já irọ́ yìí lójú mi, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí ni. Grégoire Ahongbonon kì í ṣe dókítà. Táyà ló ń lẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó rí ṣe, ó sì tún pàdánù gbogbo rẹ̀, débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Nígbà tó bọ́ nínú ìyẹn, òun àti àwọn ará ìjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn aláìsàn tí kò lẹ́ni wò ní ilé ìwòsàn, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Saint Camille ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló wá kọjú sí àwọn tó ń rìn níhòòhò lójú títì. Oúnjẹ àti omi tútù ló kọ́kọ́ ń gbé lọ bá wọn lóru. Lónìí, ẹgbẹ́ náà ní ilé ìtọ́jú ní Côte d'Ivoire, ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò àti ní Burkina Faso. Ọ̀kan wà ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ rárá.

Ẹ kíyè sí i: àwọn tí wọ́n ń kó yìí, àwọn tó ti wọ ọjà gan-an ni, àti àwọn tí wọ́n so mọ́ igi lẹ́yìnkùlé. Púpọ̀ nínú àwọn tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, tí wọ́n ń pín oògùn, tí wọ́n ń dáná, aláìsàn ni àwọn náà nígbà kan.

Ilé àwọn aláàánú ni àwa náà gbé ọmọ àbúrò bàbá mi lọ. Ọkùnrin tó gé irun rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò kánjú. Irun ọ̀hún ti di odidi, eruku àti epo ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ tú u, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí abẹ dé ìpàkọ́, ẹni wa fi igbe ta. Ọkùnrin náà gbé abẹ sílẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì fi àpá ẹ̀wọ̀n tó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká hàn án. Ó ní, "Èmi náà rèé." Ẹni wa wo àpá náà títí, ó wá tẹ orí rẹ̀ ba.

Oògùn tí wọ́n fún un kì í ṣe awo. Láti ọdún 1952 ni wọ́n ti ń lo oògùn kan tó ń jẹ́ chlorpromazine fún irú àìsàn yìí, ní Paris ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ mìíràn wà tí ẹyọ kan rẹ̀ máa ń tó oṣù kan. Àwa Yorùbá pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀: ní ọdún 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tó fi àwọn aláìsàn sílé àwọn ará abúlé, tí mọ̀lẹ́bí wọn kan ń bá wọn gbé, tí wọ́n ń gba oògùn, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́.

Mi ò ní kí ẹ gbà pé gbogbo wọn ló ń san tán. Ní ti schizophrenia, èyí tí èèyàn fi ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta lè bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ mìíràn á máa lo oògùn lọ, wọ́n á sì máa ṣiṣẹ́ wọn. Àbísínwín tiẹ̀ yàtọ̀: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin tó ń ṣe ni ara wọn ń yá bí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú. Ìyàwó ilé mélòó la ti lé padà sílé bàbá wọn nítorí rẹ̀?

Ohun tó ń gbé irọ́ yìí ró jù lọ ni pé ara á yá, ẹbí á ní kó jáwọ́ nínú oògùn, àìsàn á padà. Wọ́n á ní, "A sọ fún yín." Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Bó bá dáwọ́ oògùn rẹ̀ dúró tí ẹ̀jẹ̀ tún ru, ṣé a máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbóògùn? Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ Saint Camille fi ṣí àwọn ibi kéékèèké tí ẹni tó ti padà sílé ti lè máa gba oògùn rẹ̀ lóṣooṣù lówó pọ́ọ́kú.

Ní tèmi, ibi tó le jù kì í ṣe oògùn rárá. Ìgbà tí wọ́n ní ká wá mú un lọ sílé ni. Yàrá rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò àgbàdo sí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó o kúrò. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi ló padà dìde lọ́jọ́ kan tó gbé àpò àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

Aṣọ ló ń rán báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ lọ ra òwú ní Ouando. Ó dúró lẹ́bàá ògiri kúkúrú yẹn, ó ra àkàsà márùn-ún, ó sanwó, ó gba ṣẹ́ńjì. Ìyá náà kí i bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo oníbàárà, kò dá a mọ̀.